Bí A Ti Ń Dá Oòrùn Dúró Lórí Ilé Àfọkọ̀fà

Ní aṣálẹ̀ Arizona, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí oṣù kẹfà ọdún bá ti ń lọ sópin, oòrùn arànkáyé, ọba ọ̀sán tí ojú kò lè wò tán, a máa gun sánmà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́kanrí, nǹkan bí ìwọ̀n dìgírì 10 péré ni ó máa ń kù kí ó kan àtàrí ènìyàn gan-an. Ní ọdún 2023, ọjọ́ 31 gbáko ni ó tẹ̀lé ara wọn ní ìlú Phoenix, láti ọjọ́ 30 oṣù kẹfà títí di ọjọ́ 30 oṣù keje, tí ooru ọ̀sán kọ̀ tí kò wálẹ̀ kọjá dìgírì 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà tí ọdún náà sì parí, àwọn aláṣẹ ìlera agbègbè Maricopa, níbi tí Phoenix wà, ka ènìyàn 645 tí ooru lọ́wọ́ nínú ikú wọn. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé fi ilé àfọkọ̀fà ṣe ibùgbé, ilé kékeré orí táyà tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, tí ó ní bẹ́ẹ̀dì, tí ó ní ilé ìdáná, tí ó sì ní balùwẹ̀ tirẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń sá fún òtútù ìhà àríwá, wọ́n ń pàgọ́ sí àyíká ìlú kékeré Quartzsite títí òtútù yóò fi rékọjá, wọn a sì fa ilé wọn lọ nígbà tí ooru bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí wọn kò ní ilé mìíràn lábẹ́ ọ̀run, tí owó ilé gbígbà ti ga ju apá wọn lọ, tí wọ́n wà níbẹ̀ ní oṣù keje gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà níbẹ̀ ní oṣù kìíní. Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni mo ṣe ka ọ̀rọ̀ fèrèsé òrùlé, ọ̀nà tí oòrùn ń gbà wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ láti òkè, sí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, tí n kò kà á sí ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́.

Ilé àfọkọ̀fà kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wally Byam, ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ Airstream sílẹ̀, ti fi páànù alumíníọ́mù dídán kan èyí tí ó pè ní Clipper jáde ní ọdún 1936, ìfẹ́ ìrìn-àjò sì jinlẹ̀ lọ́kàn ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tí òun àti ọ̀wọ́ àwọn onílé àfọkọ̀fà mìíràn fi gbéra ní Cape Town, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín, ní ọdún 1959, tí wọ́n wọ́ ilé wọn gba inú eruku àti ẹrẹ̀ kọjá títí wọ́n fi wọ Cairo ní ọdún 1960. Páànù dídán yẹn ń ṣe iṣẹ́ rere, nítorí pé ó ń ta ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sójú ọ̀run kí ó tó di ooru. Ṣùgbọ́n bí páànù ti wù kí ó dán tó, àwọn baba wa ti sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òrùlé ilé àfọkọ̀fà sì ti lanu ní ibi púpọ̀. Àwọn ihò wọ̀nyí ni mo ń pè ní fèrèsé òrùlé. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ íǹṣì 14 níbùú, íǹṣì 14 lóròó, tí a fi ọmọrí ike bò, tí a sì lè fi ọwọ́ yí ọmọrí náà sókè kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀. Òmíràn ní fáànù nínú. Òmíràn tí ó gùn ju ìwọ̀nyí lọ sì wà lókè balùwẹ̀, ike rẹ̀ wú sókè bí ìdajì igbá, kí ẹni tí ó ga lè dúró ṣánṣán wẹ̀ láìfi orí gbá àjà. Kò sí ẹni tí ó lè bá ẹni tí ó gé àwọn ihò náà wí, nítorí láìsí wọn, inú ilé náà yóò ṣókùnkùn, yóò sì há mọ́ ènìyàn láyà.

Kí ni ó wá dé tí fèrèsé òrùlé fi burú ju ti ara ògiri lọ? Fèrèsé ara ògiri ní àtúnṣe. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí lè yí ilé rẹ̀ nígbà tí ó bá ń gúnlẹ̀, kí ó kọ ìhà tí fèrèsé kò pọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Ó lè ta ìbòrí aṣọ síta láti ara ilé náà, kí òjìji rẹ̀ bo ògiri. Bí Ọlọ́run bá sì ṣe é lóore, ó lè rí igi mẹ́sùkíìtì kan tí yóò gbé ẹ̀yìn ilé sí. Fèrèsé òrùlé kò ní ìhà tí a lè yí i sí. Ibi gbogbo tí a bá kọrí ilé sí, ojú ọ̀run ni òun kọjú sí, bí ojú ọ̀run sì ti ń wò ó ni òun náà ń wò ó. Èyí tí ó tún le jù ni pé ní oṣù kejìlá, nígbà tí ara ń fẹ́ ooru, oòrùn ọ̀sán ní Phoenix kì í ga ju nǹkan bí ìwọ̀n dìgírì 35 lọ, ara ògiri ni ó ń nà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, nígbà tí kò sí ẹni tí ó ń wá ooru kiri, ó ti gòkè tó ìwọ̀n dìgírì 80, orí òrùlé sì ni ó dojú gbogbo agbára rẹ̀ kọ. Ìgbà tí a kò fẹ́ ẹ gan-an ni fèrèsé òrùlé ń gbà á wọlé jù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ó ń gba ojú fèrèsé yẹn wọlé, wọn a sì máa wá ibi tí ó jò kí wọ́n lè dí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wọlé. Inú ilé ni ó ti ń di ooru. Ike tí ó mọ́ gaara kì í dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ti balẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé, sórí bẹ́ẹ̀dì, sórí tábìlì tàbí sára ènìyàn, àwọn ohun wọ̀nyí a gbà á mọ́ra, wọn a gbóná, àwọn náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ ooru jáde láti ara wọn, ooru tí ojú kò lè rí, tí ike náà kò sì ní jẹ́ kí ó kọjá bí ó ti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Bí ẹja ti ń wọ inú ìgèrè ni ọ̀rọ̀ yìí rí: ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé wẹ́rẹ́ ni kò lè gbà jáde mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wọn ọ̀rọ̀ náà kí a lè mọ bí ó ti wúwo tó. Ní ọ̀sán tí kò sí ìkùukùu, agbára tí oòrùn ń dà sórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó súnmọ́ 1,000 wáàtì. Ihò oníǹṣì 14 tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà, lẹ́yìn tí ike bá ti ta díẹ̀ padà, nǹkan bí 100 wáàtì ni ó ń gba ojú ihò kan ṣoṣo wọlé. Bí ilé bá ní ihò mẹ́rin, 400 wáàtì ti wọlé nìyẹn, àfi bí ẹni pé a tan iná ìdáná kékeré kan sílẹ̀ láti òwúrọ̀ tí a kò sì rántí pa á. Ẹ̀rọ amúlétutù tí ó wọ́pọ̀ lórí irú ilé wọ̀nyí, èyí tí wọ́n ń kọ BTU 13,500 sí lára, kò lè kó ju nǹkan bí 4,000 wáàtì ooru jáde lọ nígbà tí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá. Ihò mẹ́rin náà ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ kí ògiri tó béèrè ìpín tirẹ̀. Bí ìta bá sì ti ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára ẹ̀rọ náà ń dín kù, tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù ni ó ń rẹ̀ ẹ́ jù. Ẹni tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ihò náà kò nílò ìṣirò kankan. Kí ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè síbẹ̀ ní agogo kan ọ̀sán, yóò mọ̀.

Nítorí náà, ohun kan ni mo fẹ́ kí onílé àfọkọ̀fà fi sọ́kàn ju gbogbo ohun tí ó kù lọ: ìta ni kí a ti pàdé oòrùn. Ohun tí a bá dá dúró lókè ike kò ní di ẹrù ẹ̀rọ, kò ní di ẹrù ara. Èyí tí a bá jẹ́ kí ó wọlé tán, owó iná ni a óò fi lé e jáde. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ìbòrí tí ó dára fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí a rán bí fìlà, tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ọmọrí ihò náà mu, tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun tàbí tí ó dán bí fàdákà, tí fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín aṣọ méjì rẹ̀, tí a sì fi okùn fífà sí ẹnu rẹ̀ kí ó lè di ọrùn ihò náà mú pinpin. Ẹni tí kò fẹ́ kí òkùnkùn bo inú ilé pátápátá lè lo àwọ̀n ìbòji, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ olódòdó fi ń bo irúgbìn wọn. Èyí tí a fi fọ́nrán alumíníọ́mù hun nínú wọn ni ó wù mí jù, nítorí pé èyí dúdú a máa gba ooru mọ́ra, ṣùgbọ́n èyí dídán a máa tì í padà. Bí a bá ta àwọ̀n sórí ihò, kí a má jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ ike; kí àlàfo bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ wà láàárín wọn, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá, kí ó máa kó ooru tí àwọ̀n náà ti gbà lọ. Ohun díẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fojú fò, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ bí a óò ti so ìbòrí náà mọ́lẹ̀ kò kéré. Irin òòfà kò wúlò níhìn-ín, nítorí pé alumíníọ́mù, rọ́bà àti fíbà tí wọ́n fi ń ṣe òrùlé wọ̀nyí kì í fà mọ́ òòfà. Bẹ́ẹ̀ ni n kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó lu ihò tuntun sí òrùlé nítorí àtide aṣọ, nítorí ihò ìdè kan ṣoṣo tó láti sọ inú àjà di ibùgbé omi, igi inú rẹ̀ a sì jẹrà kí onílé tó fura. Ọrùn ihò tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni kí a so okùn mọ́. Kí okùn náà sì yi, nítorí pé àsìkò òjò ìjì ní Arizona, tí a kà láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà dé ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ni àsìkò kan náà tí a nílò ìbòrí jù, ìjì eruku rẹ̀ a sì máa dìde bí ògiri, a gbá gbogbo ohun tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ fa ilé lọ sí ìrìn-àjò, kí a kọ́kọ́ bọ́ gbogbo ìbòrí kúrò, nítorí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà kì í fi aṣọ sílẹ̀ lórí òrùlé.

Gígun òkè lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ gba ọgbọ́n. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí a ṣe é, nígbà tí òrùlé kò tíì gbóná, nítorí pé òrùlé aṣálẹ̀ ní ọ̀sán lè bó ènìyàn ní àtẹ́lẹwọ́. Kì í ṣe gbogbo òrùlé ni a kàn fún ìrìn ẹsẹ̀. Èyí tí kò bá lágbára, orí àkàbà ni kí a dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kí ẹnìkejì sì di ìdí àkàbà mú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹsẹ̀ kan tàbí orúnkún kan lé ike fèrèsé náà, bí ó ti wù kí ó rí lójú, nítorí ìtànṣán oòrùn ọdún púpọ̀ ti gba agbára inú rẹ̀, ó ti gbẹ, ó sì ń dúró de ohun tí yóò fọ́ ọ. Omi, ọṣẹ tí kò le àti aṣọ rírọ̀ ni a fi ń nù ún. Bẹntiróòlù àti àwọn omi afọ̀dà a máa jẹ́ kí ó sán wẹ́wẹ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àgbàlagbà tí orúnkún rẹ̀ kò gba àkàbà mọ́ kò gbọ́dọ̀ rò pé ìrànwọ́ ti tán fún òun. Ó lè bo ihò náà láti inú ilé. Ọ̀rá oníkòtò-afẹ́fẹ́ tí a fi bébà alumíníọ́mù bò lẹ́yìn méjèèjì wà ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta ohun ìkọ́lé, wọ́n ń tà á ní kíká bí ẹní. Kí a gé e kí ó fi díẹ̀ ju ihò lọ, kí a tì í sókè síbẹ̀, yóò há mọ́ ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀. Ìrọ̀rí fóòmù tí a fi irú bébà kan náà bo ojú rẹ̀ wà pẹ̀lú, tí a rán sí ìwọ̀n íǹṣì 14 yẹn. Ojú dídán ni kí ó kọ sókè, kí ó sì mọ́ láìsí eruku lórí, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ìmọ́lẹ̀ padà gba inú ike nígbà tí ó ṣì jẹ́ ìmọ́lẹ̀, kí ó tó di ooru tí kò ní rí ọ̀nà jáde. Ìdí rẹ̀ nìyí tí n kò fi fẹ́ràn kọ́tìnnì dúdú tí àwọn kan ń fà sábẹ́ fèrèsé yìí: òjìji ni ó fún wọn, ṣùgbọ́n ó ti gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ra, ó ti di ìdáná lókè orí wọn. Síbẹ̀, kí a sọ òtítọ́, bíbò láti inú kò tó bíbò láti ìta, nítorí díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà yóò sọnù sára ike ní lílọ àti ní bíbọ̀, ooru yóò sì há sáàárín ike àti bébà. Ike tí ooru bá há mọ́ bẹ́ẹ̀ lè tẹ̀, ó sì lè sán. Kí onílé máa yọ ìrọ̀rí náà wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti ọ̀rá alátè tí a ń lẹ̀ mọ́ dígí mọ́tò, kí a má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike fèrèsé òrùlé láìjẹ́ pé ẹni tí ó ṣe é sọ pé ó tọ́, nítorí àtè mìíràn ń ba ike jẹ́.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tí ó bá fi ìtara dí gbogbo ihò òrùlé pa ti dí ọ̀nà èémí ilé rẹ̀ pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gòkè, abẹ́ àjà ni ó ń péjọ sí, ihò kan náà tí ó gba oòrùn wọlé sì ni ọ̀nà tí ó dára jù fún un láti jáde. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí a yan ihò kan, èyí tí ó ní fáànù bí ó bá wà, kí a fi ìbòrí ike funfun tí ó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ dé e lórí, kí ó lè ṣí sílẹ̀ nínú oòrùn àti nínú òjò, kí a sì fi aṣọ dí àwọn ìyókù. Ẹni tí ó ń fi gáàsì dáná nínú ilé kò gbọ́dọ̀ wà láìsí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní ṣíṣí, nítorí èéfín tí kò lóòórùn lè pa ènìyàn. Kí a má sì tan fáànù lábẹ́ ìbòrí aṣọ, kí ó má baà jó.

Ọ̀rọ̀ ìgbà tí ó yẹ kí fáànù ṣiṣẹ́ ni àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé aṣálẹ̀ máa ń ṣì. Ní ọ̀sán, nígbà tí ìta gbóná ju inú lọ, fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde lókè ń fa iná wọlé nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ni kí ó ṣiṣẹ́ nígbà náà, kí fèrèsé wà ní títì. Lálẹ́, bí ìta bá ti tutù ju inú lọ, kí a bọ́ ìbòrí inú, kí a ṣí fèrèsé kan ní ìsàlẹ̀ níhà tí ó ti wà lábẹ́ òjìji, kí a jẹ́ kí fáànù òrùlé máa tú ooru ọjọ́ náà jáde. Ní Flagstaff, tí ó ga tó nǹkan bí 2,100 mítà lórí òkun, ọgbọ́n yìí nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún oorun àsùngbádùn. Ní Phoenix, ilẹ̀ àti ọ̀dà òpópónà ti mu ooru yó débi pé òru kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù ní oṣù keje, nítorí náà ìbòrí ọ̀sán ni ó di òpó ilé níbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Arúgbó tí ó ń jókòó sínú ilé láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò gbọ́dọ̀ máa gbé inú òkùnkùn bí ẹni tí a há mọ́, nítorí òkùnkùn ń ba ọkàn jẹ́ bí ooru ti ń ba ara jẹ́. Èyí tí ó wà lókè bẹ́ẹ̀dì àti lókè àga ìjókòó ni kí a bò pátápátá. Ti balùwẹ̀, níbi tí ènìyàn kì í pẹ́ sí, aṣọ funfun fẹ́lẹ́ tó fún un, ìmọ́lẹ̀ tí yóò gba ibẹ̀ yọ́ wọlé yóò sì tó fún gbogbo ilé.

Bí oṣù kẹwàá bá ti ń parí, kí a kó ìbòrí ìta sọ̀kalẹ̀, kí a fọ̀ ọ́, kí a sá a kí ó gbẹ dáadáa kí a tó ká a pamọ́. Ìrọ̀rí inú lè wúlò fún òtútù lóru, ṣùgbọ́n kí a máa yọ ọ́ ní òwúrọ̀, nítorí ọ̀rinrin èémí àti ti ìsè oúnjẹ a máa gbá jọ sábẹ́ ike tútù, fóòmù a sì bu. Ìgbà yìí náà ni ó yẹ kí a wo àtè tí a fi yí ọrùn ihò kọ̀ọ̀kan ká, bóyá oòrùn ti mú un sán níbìkan. Ibi tí ó bá ti sán, kí a fọ̀ ọ́ mọ́, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a da àtè tuntun tí ó bá irú òrùlé náà mu sí i ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, kí òjò ìgbà òtútù tó dé.